Mọ́tò Olówó Iyebíye Tí Èmi àti Bàbá Mi Kàn ní Pálọ̀

Ọjọ́ tí mo gba kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi lọ́wọ́ bàbá mi ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi bí ẹni ń kí ìyàwó gómìnà. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, mo kúnlẹ̀, mo ní, "Ẹ káàárọ̀, sà." Wọ́n dìde lórí àga, wọ́n tẹrí ba díẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ káàárọ̀, mà. Ṣé ẹ sùn dáadáa?" Èmi! Ọmọ tí wọ́n bí, tí wọ́n fi pàṣán nà nítorí ṣúgà! Mo ní, "Bàbá, kí lẹ̀ ń ṣe báyìí?" Wọ́n ní, "Ẹ má bínú, mà." Ọkọ mi sáré wọ ilé ìdáná lọ rẹ́rìn-ín. Mo gbọ́ ọ.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́bi, ẹ jẹ́ kí n ro tẹnu mi. Awakọ̀ ni bàbá mi. Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n gbáko ni wọ́n fi gbé ọ̀gá àgbà ilé-iṣẹ́ kan ní Olúyọ̀lé kiri, láti ìgbà tí ọ̀gá náà ti nírun lórí títí dé ìgbà tí kò ní ẹyọ kan mọ́. Wọn ò ní mọ́tò tiwọn rí. Nígbà tí ìyá mi kú, wọ́n kó wá sọ́dọ̀ wa ní Bódìjà, ojú wọn sì ti ń ṣe bákan. Dókítà ní wọ́n ń rí iwájú, wọn ò rí ẹ̀gbẹ́ mọ́, kí wọ́n yé wa ọkọ̀. Wọ́n gbọ́, wọ́n mi orí bí ọmọlúàbí. Ó di Sátidé kan, wọ́n mú kọ́kọ́rọ́ mi lórí fíríìjì, wọ́n ní àwọn ń lọ ra búrẹ́dì. Wọn ò tí ì dé ìparí àdúgbò tí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi ha ògiri aládùúgbò wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Nígbà tí mo sáré débẹ̀, wọ́n ti sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń wo ògiri náà tìkàtẹ̀gbin. Wọ́n ní, "Wọ́n ti sún ògiri yìí síta." Ògiri tó ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi! Mo já kọ́kọ́rọ́ gbà, mo sì sọ ohun tí kò yẹ kí ọmọ sọ sí bàbá rẹ̀ lójú títì. Mo ní, "Ẹ ò lè wa nǹkan kan mọ́, Bàbá! Ó ti tán!" Aládùúgbò wà lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì rẹ̀, ó ń gbọ́.

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bí "mà". Oṣù mẹ́rin ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀ bí àlejò. Mo bẹ̀bẹ̀, mo ra ẹran àgbò, mo ní kí ọkọ mi bá mi bẹ̀ wọ́n. Kàkà kí ewé àgbọn dẹ̀, ṣe ló ń le koko sí i. Láti àárọ̀ dé alẹ́, ibi fèrèsé pálọ̀ ni wọ́n máa ń jókòó sí, tẹ̀sùbáà lọ́wọ́, wọ́n á máa gbọ́ mọ́tò tó ń kọjá. "Ṣọ́ọ̀kì ọ̀tún tiẹ̀ ti kú," wọ́n á sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe sí ẹnikẹ́ni. "Onítọ̀hún ò pààrọ̀ ọ́ìlì láti ọdún tó kọjá." Mo máa ń dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, àánú wọn á máa ṣe mí, inú á sì tún máa bí mi sí wọn. Méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà ni.

Èmi, iṣẹ́ mi ni yíya àwòrán ilé ní ọ́fíìsì kan ní Ring Road. Tí mo bá ti ya ilé onílé láti Mọ́ńdè dé Fúráídè, Sátidé ni mo fi ń ya ohun tó wù mí, ìyẹn mọ́tò. Géèmù kan wà tí èèyàn ti ń kan mọ́tò nínú kọ̀ǹpútà. Ìwọ lo máa yan ẹńjìnnì, ìwọ lo máa yan ṣọ́ọ̀kì, táyà àti àga, ìwọ náà lo máa ya ara ọkọ̀ náà. Tó o bá ṣe tán, géèmù á sọ fún ọ bó ṣe lè sáré tó, bó ṣe tura tó, àti bóyá ó máa dá ọ dúró sójú ọ̀nà. Àwa tá à ń ṣe é wà káàkiri ayé, a ní ẹgbẹ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, a sì máa ń díje. Adájọ́ á ní irú mọ́tò báyìí-báyìí lòun fẹ́, oníkálukú á kan tirẹ̀, á kọ ìpolówó sí i bíi pé ó fẹ́ tà á lóòótọ́, á fi ránṣẹ́. Adájọ́ á wá wa gbogbo wọn nínú géèmù, á kọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Kò sí ẹ̀bùn. Iyì lásán ni. Ọkọ mi ní òun ò rí àgbàlagbà tó ń forí gbárí nítorí iyì mọ́tò tí kò sí nílé ayé rí. Mo ní kó lọ wo bọ́ọ̀lù rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti díje, ẹ̀ẹ̀mẹta lojú ti tì mí. Lákọ̀ọ́kọ́, èmi ni mo gbẹ́yìn. Lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n ní ẹńjìnnì mi ò wọ abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Lẹ́ẹ̀kẹta, adájọ́ kọ ọ́ síbẹ̀ pé mọ́tò mi jọ fíríìjì tó dùbúlẹ̀. Mo bínú débi pé mo lanu bú fíríìjì ilé wa.

Ìdíje kẹrin ló fa gbogbo ọ̀rọ̀ yìí. Wọ́n ní àwọn fẹ́ mọ́tò ọlọ́lá, tó tura bíi bẹ́ẹ̀dì, tó sì ń sáré bí nǹkan míì. Mo gbé láptọ́ọ̀pù sórí tábìlì pálọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, mo ń dán ẹńjìnnì wò, ó ń bú ramúramù. Mo máa ń dá sọ̀rọ̀ tí mo bá ń ṣiṣẹ́. Mo ní, "Ká jẹ́ kí ṣọ́ọ̀kì yìí le dáadáa, kó lè di títì mú."

Ohùn kan jáde láti ibi fèrèsé. "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o fẹ́ pa ẹni tó wà lẹ́yìn ni?"

Mo yíjú padà wàì. Bàbá mi ti dìde. Ìwọ! Wọ́n pè mí ní ìwọ! Omi lé ròrò sójú mi. Mo mọ̀ pé àwọn náà gbọ́ ohun tó bọ́ lẹ́nu wọn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ mọ́tò ti wọ̀ wọ́n lára, kò sí bí wọ́n ṣe fẹ́ padà sẹ́yìn mọ́. Wọ́n fa àga, wọ́n jókòó tì mí, wọ́n gbé ojú wọn sún mọ́ láptọ́ọ̀pù títí imú wọn fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

"Ta ló ni mọ́tò náà?"

"Kò sẹ́ni tó ni ín, Bàbá. Géèmù ni."

"Kò sí mọ́tò tí kì í ní ọlọ́kọ̀. Ọmọ ọdún mélòó ni? Ṣé ìbàdí ń dùn ún? Ṣé ó máa ń sùn nínú ọkọ̀?"

Mo ní, "Ọmọ ọgọ́ta ọdún ni, ìbàdí ń dùn ún, ó sì máa ń hanrun." Àwàdà ni mo ń ṣe o.

"Ẹ̀n-ẹ́n. Ó ti yé mi. Irú ọ̀gá mi ni."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Sátidé mẹ́fà ni ó gbà wá. Mo ti rò pé mo mọ mọ́tò, àṣé mi ò mọ nǹkan kan. Bàbá mi sọ fún mi pé inú ọkọ̀ ni ọ̀gá wọn ti máa ń buwọ́ lu ìwé, nítorí kì í ráyè jókòó ní ọ́fíìsì. Lọ́jọ́ kan, báńkì kan ní Dúgbẹ̀ dá ṣẹ́ẹ̀kì rẹ̀ padà, wọ́n ní ẹni tó buwọ́ lù ú kì í ṣe òun. Òun mà ni! Kòtò kan ní Challenge ló gbọn ọwọ́ rẹ̀. Ọ̀gá bú bàbá mi bí ẹni bú olè. Láti ọjọ́ náà, tí bàbá mi bá ti gbọ́ tí bírò ké "kẹ́" lẹ́yìn, wọ́n á rọra dẹ ẹsẹ̀, wọ́n á wá ibi tó tẹ́jú fún un. Wọ́n ní títì tó tẹ́jú bẹ́ẹ̀, láti Olúyọ̀lé dé Dúgbẹ̀, ibi mẹ́rin péré ló wà, wọ́n sì mọ gbogbo wọn. "Mọ́tò tí èèyàn ò bá lè buwọ́ lùwé nínú rẹ̀," wọ́n ní, "agolo ni."

A jà o. Ẹ má rò pé a ò jà. Mo fi ẹńjìnnì onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ sí i, wọ́n ní ó dáa. Mo sọ iye tó lè sá fún wọn, wọ́n ní, "Níbo lo ń sáré lọ? Ta ló kú?" Mo ní ìdíje eré ni, tí kò bá sáré a ò ní gba máàkì. Wọ́n ní ẹni tó bá ń sáré kì í ṣe ọlọ́lá, oníwàhálà ni. Mo ní mọ́tò eléré gbọ́dọ̀ lọ sílẹ̀. Wọ́n ní, "Kó máa wọ́ ikùn nílẹ̀ bí alángbá? Pẹ̀lú kòtò Àgbowó?" Mo ní, "Bàbá, kò sí Àgbowó nínú géèmù!" Wọ́n wò mí bíi pé mo sọ pé kò sí Ọlọ́run. Níkẹyìn, a gbé e sókè. Mọ́tò arẹwà, dúdú, tó ń dán, ó wá dúró bí ẹni tó ká ṣòkòtò sókè láti la omi kọjá. Táyà ìpààrọ̀ ńlá gidi wà ní búùtù, torí wọ́n ní àwọn ò lè tìtorí eré sun igbó. Họ́ọ̀nù rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹ́jọ ni a yí i, títí ó fi dún bíi ti ẹni tó ń bẹ̀bẹ̀ ṣùgbọ́n tó lè bínú.

Àga ẹ̀yìn nìkan gba Sátidé méjì. Géèmù yìí jẹ́ kéèyàn lè yan àga kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Wọ́n ní kí ìbú rẹ̀ gba ẹni tó sanra pẹ̀lú agbádá. Wọ́n ní kí ibi tí a ń gbé orí lé má ga jù, kí fìlà má baà yẹ̀. Wọ́n ní kí afẹ́fẹ́ tútù má fẹ́ sí ọ̀gá lójú, orúnkún ni kó máa fẹ́ sí. Nígbà tí a dé orí àga iwájú, ti awakọ̀, mo ní, "Èyí ńkọ́?" Wọ́n ti ń mú tẹ̀sùbáà wọn, àkókò ìrun ti tó. Wọ́n ní, "Fi èyíkéyìí síbẹ̀. Ti dírẹ́bà ni." Mo wá èyí tówó rẹ̀ kéré jù, tó fúyẹ́ jù, irú èyí tí wọ́n ń fi sínú ọkọ̀ akẹ́rù, mo fi síbẹ̀. Èmi náà ò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Orúkọ ìyá mi la sọ mọ́tò náà. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀ níbí.

Lọ́jọ́ tí a ń kọ ìpolówó, bàbá mi ń sọ, mo ń tú u sí gẹ̀ẹ́sì, wọ́n ṣàdédé dúró. Wọ́n ní, "Adájọ́ yìí, ṣé ó mọ mọ́tò?" Mo ní ó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n ní, "Ṣó o rí i, ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe iṣẹ́ yìí. Ìwọ lọ iléèwé, o ní ìwé ẹ̀rí. Kò sẹ́ni tó dán èmi wò rí. Wọ́n kàn ń sọ pé, 'Dírẹ́bà, ó yá.' Mo fẹ́ kí ẹni tó mọ mọ́tò wo ohun tí mo mọ̀, kó fún mi ní máàkì. Kí n tó kú, mo fẹ́ mọ iye tí mo gbà." Háà. Inú mi bàjẹ́. Mo rántí ohun tí mo ké mọ́ wọn lójú títì lọ́jọ́ ògiri yẹn. Látìgbà náà, kì í ṣe géèmù mọ́ lójú mi. Mo fẹ́ kí bàbá mi gba máàkì ju bí mo ṣe fẹ́ jẹun lọ.

Ọjọ́ ìfiránṣẹ́ pé, Sátidé ni, wọ́n ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ilẹ̀kùn ìdíje máa tì. Ní aago mẹ́rin, gbogbo nǹkan ti ṣe tán, ó ku kí n tẹ bọ́tìnnì. Ibẹ̀ la wà tí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni, awakọ̀ tírélà tó ti fẹ̀yìn tì, tí a máa ń pè ní Bàbá Ẹlẹ́yẹlé nítorí ibẹ̀ ni wọ́n ń gbé. Aládùúrà ni wọ́n, wọ́n wọ aṣọ funfun gbòò, wọ́n wọ kẹ̀kẹ́ márúwá wá, wọ́n mú ike omi dání. Obìnrin tó ń ta rẹ̀chájì ní ọ̀ọ́kán ilé wa tẹ̀ lé wọn wọlé, ó ń jó. "Ẹ kú oríire o! Ẹ̀mí yín á lò ó! Èyí tó ju èyí lọ á tún wọlé!"

Mo wo bàbá mi. Bàbá mi wo òkè àjà. Àṣé wọ́n ti fi fóònù sọ fún ọ̀rẹ́ wọn pé a ti parí mọ́tò kan nílé wa, dúdú, onípúlọ́ọ̀gì mẹ́jọ, awọ gidi lẹ́yìn, ó sì ń jáde lónìí.

Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ní, "Mi ò rí i níta o. Èyí tí wọ́n fi ha ògiri yẹn nìkan ni mo rí. Níbo ló wà?"

Bàbá mi ní, "Pálọ̀."

"Pálọ̀? Báwo lẹ ṣe gbé e gba ẹnu ọ̀nà?"

Ẹ̀rín fẹ́ pa mí, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Bàbá mi nàka sí láptọ́ọ̀pù. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé bẹ̀rẹ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Mo ti ń dúró de èébú. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti jẹ́ awakọ̀, awakọ̀ náà ni. Wọ́n ní kí n ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Mo tẹ̀ ẹ́, ó ṣí. Wọ́n mi orí. Wọ́n ní kí n tan iná iwájú. Mo tàn án. Wọ́n bi mí iye epo tó ń mu, mo sọ fún wọn, wọ́n ní, "Ọ̀mùtí ni." Wọ́n wá nàró tán, wọ́n ṣí ike omi wọn. "A kì í gbé ọkọ̀ tuntun jáde láìwẹ̀ ẹ́."

Bàbá mi ní òótọ́ ni. Àwọn ló kọ́kọ́ ṣe tiwọn, wọ́n ka Bìsìmílàhì, wọ́n bẹ Ọlọ́run pé kí ọkọ̀ má gba ẹ̀mí ọlọ́kọ̀, a ṣe àmín. Ó wá kan Bàbá Ẹlẹ́yẹlé. Ẹ gbọ́, mo rò pé ilẹ̀ ni wọ́n máa wọ́n omi sí, bí gbogbo èèyàn gidi. Mo ti di ojú. Mo ń gbọ́, "Mo wẹ táyà ọ̀tún iwájú, mo wẹ tòsì iwájú, kò ní bẹ́ lójijì..." Ìgbà tí mo lajú, wọ́n ti bu omi sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin láptọ́ọ̀pù mi, wọ́n ń da ìyókù sí àárín, níbi tí wọ́n rò pé ẹńjìnnì wà.

Ó ṣe "fíìì". Ó ṣú.

Yéè! Mo ké tó bẹ́ẹ̀ tí obìnrin onírẹ̀chájì fi sá jáde. Mo dojú láptọ́ọ̀pù bolẹ̀, omi ń dà jáde lára rẹ̀ bí ìgbà téèyàn fọ abọ́. Mo ní, "Bàbá Ẹlẹ́yẹlé, ẹ pa mí! Ṣé ẹ rò pé mọ́tò gidi lẹ̀ ń wẹ̀ ni?" Wọ́n ní, "Kì í ṣe èmi, àwọn ọ̀tá ni." Mo ní, "Ọ̀tá wo? Ṣé ọ̀tá ló mú ike dání?" Mo fẹ́ sọ̀rọ̀ sí i, ẹnu mi ti gbóná, ni mo bá rí bàbá mi. Wọ́n ti jókòó. Wọ́n gbé ọwọ́ méjèèjì lé orúnkún. Wọ́n ní, "Ó ti tán, àbí?"

Ọ̀rọ̀ tí mo fi bú wọn gan-an nìyẹn. Mo fi tówẹ̀lì di láptọ́ọ̀pù bí ẹni di ọmọ tuntun, mo ní kí gbogbo wa jáde, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Àgbowó là ń lọ.

Èmi wà nídìí sítíárì, bàbá mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Bàbá Ẹlẹ́yẹlé lẹ́yìn pẹ̀lú ìyókù omi wọn, tí mo ti kìlọ̀ fún wọn pé bí wọ́n bá ṣí i, wọ́n máa fẹsẹ̀ rìn dé Ẹlẹ́yẹlé. Mo fẹ́ gba iwájú ọjà Bódìjà. Bàbá mi ní, "Má débẹ̀, wọ́n ń já màlúù lónìí." Mo ní, "Báwo lẹ ṣe mọ̀?" Wọ́n ní, "Ṣé imú rẹ dí ni?" Wọ́n ní kí n yà sọ́wọ́ òsì níbi tí mo bá ti gbọ́ òórùn búrẹ́dì. Mo yà. Wọ́n ní kí n fún kẹ̀kẹ́ tó wà lẹ́yìn lọ́nà, ó ń yára. Mo wo dígí, kẹ̀kẹ́ wà níbẹ̀ lóòótọ́. Gbogbo ọ̀nà wa, a ò dúró ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. Mi ò mọ̀ pé èèyàn lè ti Bódìjà dé Àgbowó báyẹn lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú bí mo ṣe ń wakọ̀ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Ẹni tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe tú tówẹ̀lì, ó gbọn ọ́n, ó bi mí, "Omi kí ni, mà?"

Mo ní, "Omi àdúrà."

Kò tiẹ̀ gbójú sókè. Ó ní, "Ẹlẹ́ẹ̀kẹta lóṣù yìí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ máa ń wẹ iṣẹ́ àṣekágbá wọn." Ó yọ ibi tí láptọ́ọ̀pù ń kó nǹkan pamọ́ sí, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà tirẹ̀, ó ń wá, bàbá mi ń mí gúlegúle lẹ́yìn mi. Ó rí mọ́tò wa. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo tẹ bọ́tìnnì. Bàbá Ẹlẹ́yẹlé ní, "Ẹ rí agbára omi?" Ọlọ́run ló yọ wọ́n lọ́wọ́ mi.

Ọ̀sẹ̀ méjì la fi dúró. Láràárọ̀, kí n tó kúnlẹ̀ tán, "Ṣé wọ́n ti máàkì?" ni ìkíni wọn. Ó di ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ kan, mo wà ní ilé ìdáná, èsì wọlé sórí fóònù mi. Mo kọ́kọ́ dá kà á. Mọ́tò mọ́kàndínlógún ló díje. Ipò kọkànlá la wà. Adájọ́ ní ó wúwo, ó ga jù, tó bá ń sáré wọ kọ́ọ̀nà ẹ̀rù máa ń ba òun. Ó ní òun ò mọ ohun tí táyà ìpààrọ̀ ńlá bẹ́ẹ̀ ń ṣe nínú mọ́tò eléré. Mo kà á tán, mo da ojú fóònù bolẹ̀. Bàbá mi ti gbọ́ tí fóònù ké. Wọ́n pè mí láti pálọ̀.

Mo lọ, mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo ní, "Ẹ kú oríire, Bàbá! A gba ipò kejì!"

Wọ́n wò mí. Wọ́n ní, "Ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ni ọ̀gá fi parọ́ fún ìyàwó rẹ̀ lórí fóònù lẹ́yìn mi. Mo mọ bí ohùn irọ́ ṣe ń rí. Jókòó, kó o kà á bó ṣe wà."

Mo jókòó, mo ń kà á ní gẹ̀ẹ́sì, mo ń tú u. Mo sọ ti kọkànlá, wọ́n ń ka tẹ̀sùbáà wọn lọ. Mo sọ ti gíga, wọ́n ní, "Kò tí ì dé Ìbàdàn rí." Mo wá dé ibi àga ẹ̀yìn. Adájọ́ ní nínú gbogbo mọ́tò mọ́kàndínlógún, kò sí èyí tó tura tó o lẹ́yìn. Ó ní ẹni tó ṣe é mọ ohun tó ń dun ara èèyàn, ó sì fún àga yẹn ní máàkì tó ga jù lọ. Bàbá mi na ẹ̀yìn. Wọ́n ní kí n tún un kà. Mo tún un kà.

"Ó tán?"

Kò tán. Ó ku ìlà kan, mo sì fẹ́ fò ó, ṣùgbọ́n wọ́n ń gbọ́ èémí mi. Mo kà á. Adájọ́ ní àga awakọ̀ ló fa wá sẹ́yìn jù, òun ò tí ì rí àga tó burú tó bẹ́ẹ̀ nínú mọ́tò olówó ńlá rí. Ó ní ohun tó rú òun lójú ni pé ẹni kan náà ló ṣe méjèèjì. Ó wá béèrè pé, ta ni wọ́n rò pé ó máa jókòó síbẹ̀?

Mọ́tò kan kọjá níta, bàbá mi ò sọ ohun tó ń ṣe é. Ohùn wọn lọ sílẹ̀.

"Kọ̀wé sí i. Sọ fún un pé èmi ni."

Ọmọ wọn ni mo jẹ́, èmi tí mo ń fi òògùn ìpara ra ẹ̀yìn tó ń ro wọ́n fún wọn ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ ìgbà èwe mi, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi yan àga yẹn. Mo sunkún, mi ò bò ó mọ́ra. Wọ́n ní kí n dákẹ́, pé ta ló kú. Wọ́n ní, "Ṣé a lè pààrọ̀ rẹ̀?"

"Ìdíje ti parí, Bàbá."

"Mo gbọ́. Mo ní ṣé a lè pààrọ̀ rẹ̀?"

Mo gbé láptọ́ọ̀pù tí wọ́n ti tún ṣe wá, mo ṣí mọ́tò ìyá mi, mo yọ àga akẹ́rù yẹn dànù. Gbogbo àga tó wà nínú géèmù tò sí iwájú wa, oríṣiríṣi, awọ, aṣọ, èyí tó ń gbóná, èyí tó ń tẹ èèyàn lẹ́yìn. Mo ní, "Èwo ló tẹ́ yín lọ́rùn?" Bàbá tó fi Sátidé méjì yan ti ọ̀gá, tó mọ ibi tí afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ dé lára rẹ̀, wọ́n sún mọ́ ọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n sì fi ẹ̀yìn ti àga padà.

"Mi ò mọ̀," ni wọ́n wí. "Mi ò jókòó sí ọ̀kankan rí."